Ojú Ìyá Mi Nínú Kámẹ́rà Rafíù

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi kúrò ní Kútọnu lọ ya fíìmù ilé-ìwé wa ní abúlé wa nítòsí Pobè. Èmi ni mo ní ká lọ síbẹ̀, torí igbó ọ̀pẹ àti odò ibẹ̀ rẹwà. Rafíù, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, ló di kámẹ́rà mú.

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ìyá mi sì ń ṣe opó. Mo kìlọ̀ fún Rafíù ká tó dé: "Má sún mọ́ yàrá ìyá mi o. Ọkùnrin àlejò kò gbọdọ̀ rí wọn títí wọ́n á fi parí opó."

Ó ní, "Ṣé wọn kì í ṣe ìyá tèmi náà ni?"

Nígbà tí oòrùn mú, Rafíù ní òun fẹ́ lọ mu omi nílé. Ó pẹ́ kó tó dé. Lẹ́yìn náà, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, à ń wo ohun tí a ti yà, àfi bí mo ṣe rí ìyá mi! Wọ́n ṣí orí sílẹ̀, wọ́n gbá fìlà bàbá mi mọ́ra, wọ́n ń sunkún. Ojú fèrèsé ló ti yà wọ́n. Mo yíjú sí Rafíù.

"Pa á rẹ́!"

"Ẹkún yìí ló máa gbé fíìmù wa ga," ló wí, ó sì ki kámẹ́rà bọ àpò.

Nígbà tí a ń lọ, ìyá mi gbóhùn sókè láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: "Rafíù ọmọ mi, o ṣeun tí o bá ọ̀rẹ́ rẹ wá. Ọlọ́run á bo àṣírí rẹ o!"

Gbogbo wa ṣe àmín. Ti Rafíù ló dún jù.