Àpótí Omi Ẹja Lẹ́yìn Fèrèsé

Ogún ọdún gbáko ni ìgò omi ẹja fi gbé ìta. Káfíńtà tó ni ilé ló lé e jáde. Ó ní òórùn tó ń ti ẹnu ìgò yẹn jáde kò jọ ohun tí èèyàn ń fi sínú oúnjẹ, ohun tí wọ́n fi ń lé èkúté ló jọ. Ìyàwó rẹ̀ ò bá a jà. Ó kàn sọ pé òun ò lè se ọbẹ̀ láìsí i, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá òun tó ń ta ẹja létí omi lòun ti kọ́ ọ: wọ́n á to ẹja wẹ́wẹ́ pẹ̀lú iyọ̀ sínú ìkòkò, wọ́n á dé e pa fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí omi pupa yóò fi sun jáde lára rẹ̀. Ni ọkọ bá kan àpótí kékeré kan mọ́ ara ògiri níta, lẹ́yìn fèrèsé ilé ìdáná, ó ṣe ìlẹ̀kùn sí i. Láti ọjọ́ náà, bí ìyàwó bá ń dáná, á na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, á mú ìgò, á da díẹ̀ síkòkò, á dá a padà. Ọkọ á jẹun, á fẹ́rẹ̀ẹ́ lá àwo, á ní ọbẹ̀ dùn. Kò sí ọjọ́ kan tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgò.

Wọ̀n-ọ́n-wò ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì ro ó. Bó bá fẹ́ sún àga lásán, á kọ́kọ́ na tépù. Ó ti fẹ̀yìn tì, ìka rẹ̀ sì ti ń ro ó, síbẹ̀ pẹ́ńsù pẹlẹbẹ kan ò kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyàwó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, eegun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gbé e wálé, wọ́n tẹ́ ibùsùn fún un ní pálọ̀. Eegun ń jinná. Oúnjẹ ni kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ wọn obìnrin ń gbé abọ́ wá láràárọ̀, ìyá á tọ́ ṣíbí méjì wò, á kọjú sí ògiri. Ó ní oògùn ti sọ ẹnu òun di páálí. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: bí màmá ò bá jẹun, kò ní lágbára tí yóò fi dìde, ẹsẹ̀ tó bá sì pẹ́ lórí ibùsùn jù lè má rìn mọ́. Ẹ̀rù ba káfíńtà. Ó wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí aṣọ ìbora, ó rí i pé òrùka ti tóbi jù fún ìka.

"Kí lo fẹ́ jẹ gan-an?" ló bi í.

"Ọbẹ̀ mi ni," ni ìyàwó dáhùn. "Kì í ṣe ti ẹlòmíì."

Káfíńtà dìde. Ó ní òun ni òun máa sè é. Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ṣubú, nítorí ọkùnrin yìí ò mọ̀ ju kí ó se omi gbígbóná lọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ọkùnrin tó bá ti sọ pé òun máa ṣe nǹkan lójú ìyàwó rẹ̀, ó di dandan kó ṣe é.

Ọjọ́ kìíní, ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ bó ṣe rò pé wọ́n ń fi í sí i, ó wá da ìdajì ife omi ẹja lé e. Wọ́n ní àìmọ̀kan ní ń mú èkúté pe ológbò níjà. Ìyàwó tọ́ ọ wò, ó ní ṣé omi òkun lẹ bù fún òun. Ọjọ́ kejì, ó yọ iyọ̀ kúrò, ó kán omi ẹja bí ẹni tó ń kán oògùn ojú, ọbẹ̀ tẹ́ pátápátá. Ọjọ́ kẹta, ó sọ ìkòkò kalẹ̀ tán kó tó rántí ìgò, ó da tútù sí i, òórùn gba gbogbo ilé. Ọmọ wọn ní kí bàbá jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun máa gbé oúnjẹ òun wá. Bàbá ní rárá. Ó lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀.

"Sọ fún mi, báwo ló ṣe ń pọ̀ tó?"

"Ẹ máa dà á títí tó fi máa tó."

"Kò sí pákó tí wọ́n gbé fún mi rí tí wọ́n ní kí n gé e títí tó fi máa tó!"

"Mi ò wọ̀n ọ́n rí, baálé mi. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n."

Inú bí i. Ó rò pé ìyàwó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó tó ń wo ọwọ́ náà, ohun kan sọ sí i lọ́kàn. Ó wá òfìfo ìgò omi ẹja, ó rọ omi lásán sí i. Ó mú ife gíláàsì kan, ó lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lára, ó yọ pẹ́ńsù létí. Ó ní kí ìyàwó di ojú, kí ó rò pé ìkòkò wọn ló wà níwájú òun, kí ó dà á bó ṣe máa ń dà á.

Ìyàwó gba ìgò. Ó tẹ ọrùn rẹ̀ sórí ife lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n ọ́n díẹ̀, ó gbé e sókè. Káfíńtà fa ìlà síbi tí omi dé. Ó da omi nù, ó ní kó tún un dà. Ìlà kejì bọ́ sórí ìlà àkọ́kọ́. Ó ní ó ṣèèṣì ni. Ó mú kí ó dà á nígbà mẹ́wàá, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó gbé ife síbi ìmọ́lẹ̀. Ìlà mẹ́wàá, ojú kan náà. Wọ́n ní ìka ò dọ́gba, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn dọ́gba. Òun tó fi ogójì ọdún na tépù, òun ṣì ń gé pákó tí yóò dín tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú tì í gidigidi.

"Ìwọ̀n tí mo fi ń bọ́ yín látọjọ́ yìí nìyẹn," ni ìyàwó wí.

Ó wá bi í léèrè ìgbà tí wọ́n ń dà á. Ìyàwó ní lẹ́yìn tí àlùbọ́sà àti tòmátì bá ti dín, kí omi tó wọ inú rẹ̀, kí iná lè lé òórùn rẹ̀ lọ. Káfíńtà padà sí ilé ìdáná. Ó wọn omi ẹja dé ojú ìlà, ó dà á sórí tòmátì, èéfín gba ojú rẹ̀. Kò di imú. Ó ń fi ṣíbí rò ó, ó ń rò ó, òórùn burúkú náà ń lọ, òmíràn tó mọ̀ dáadáa ń gba ipò rẹ̀. Ogún ọdún ló ti ń jẹ ẹ́.

"Ó ti tó," ni ìyàwó ké láti pálọ̀. "Ẹ da omi sí i."

Ó bu ìrẹsì, ó bu ọbẹ̀ lé e, ó gbé e lọ, ó sì dúró tì í láìjókòó. Ìyàwó jẹ ṣíbí kan. Ó jẹ èkejì. Ó jẹ ẹ̀kẹta, kò kọjú sí ògiri. Ó jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ àwo, ó ní ata pọ̀ díẹ̀, ó sì béèrè bóyá ó kù. Káfíńtà sáré wọ ilé ìdáná kí ìyàwó má bàa rí omi ojú òun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyàwó gbọ́ tí òòlù ń dún. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń fọ́. Ọkọ wọlé pẹ̀lú àpótí lábẹ́ apá, eruku ogún ọdún lórí rẹ̀, ó ní kó na ọwọ́ rẹ̀. Ó wọn apá rẹ̀ láti èjìká dé orí ìka. Ó wá wọn irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí nọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ sí igun yàrá fún ìkọ́rìn, èyí tí ìyàwó ò tíì fọwọ́ kàn.

"Kí lẹ ń wọ̀n?"

"Ibi tí ọwọ́ rẹ máa dé, bí o bá di irin yìí mú, tó o dúró ti ààrò."

"Ta ló sọ fún yín pé màá dúró?"

"Èmi náà ni," ni káfíńtà wí, ó sì lọ kan àpótí mọ́ ògiri nínú ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó gbé ìgò sínú rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ló ń se ọbẹ̀ dé ojú ìlà yẹn, ojoojúmọ́ ni ìyàwó ń jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, nọ́ọ̀sì di apá kan mú, ọkọ di ìkejì, ìyàwó sún irin náà díẹ̀díẹ̀ láti pálọ̀ dé iwájú ààrò. Ó sinmi. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ náà bá ìlẹ̀kùn àpótí. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì nàgà.