Ògiri Tó Wà Lẹ́yìn Ibùsùn Mi

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ki iwájú ilé. Iwájú ilé, ọba ọ̀ṣọ́, àfínjú tí kì í bojú wẹ̀yìn! Ìwọ tí à ń kun ọ̀dà fún nígbà tí òrùlé ń jò, ìwọ tí à ń tún ṣe nítorí àlejò tí kò ní sùn! Ní Òkè-Àgbò, n'Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, onílé lè febi sùn, ṣùgbọ́n iwájú ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán.

Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà wá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí a gbọ́ ìró tírówẹ̀lì láti ẹ̀yìnkùlé. Ṣàà! Ṣàà! Mo sáré jáde. Bàbá Birikilà, àgbàlagbà tó ń gbé ilé kejì sí tiwa, ti po sìmẹ́ǹtì mọ́ iyanrìn, wọ́n sì ń jù ú mọ́ ògiri yàrá mi. Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ti bo òórùn èéfín ilé ìdáná mọ́lẹ̀. Bàbá mi dúró tì wọ́n nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́, ìfófòó lẹ́nu.

“Bàbá, iwájú la jọ sọ! Àwọn àna ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹkisitíríọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí.”

“Tíṣà, ta ló ń sùn nínú ẹkisitíríọ̀ rẹ?”

“Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀.”

“Ọmọ yìí ló ń sùn níbí.” Wọ́n na tírówẹ̀lì sí mi. “Ṣé kí òjò wá fi ògiri bò ó bíi kúbùsù?”

“Màá pe birikilà mìíràn.”

“Pè é. Ṣùgbọ́n mo ti pò ó ná. Sìmẹ́ǹtì tí omi bá ti kàn kì í dúró de ìpàdé.”

Tíṣà ni bàbá mi lóòótọ́, wọ́n sì fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ tó wù wọ́n sí. Èyí tó wù wọ́n jù ni àwọn tó jẹ mọ́ òde ara nǹkan: sọ́fésì, apiaráǹsì, fasáàdì, fíníṣìn. Alaalẹ́ ni mo ń kà á sókè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo sì mọ orúkọ mẹ́fà fún ojú ilé tí wọn ò tíì rẹ́. Àwọn ará Abigi ló fẹ́ wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, sìmẹ́ǹtì tó wà nílẹ̀ kò sì lè rẹ́ ju ògiri kan lọ.

Èmi ni mo dá wàhálà náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè tí Bàbá Birikilà wá wọn iwájú, omi ni wọ́n ní kí n fún àwọn mu. Ibi àmù lẹ́yìnkùlé la lọ. Mo ní, “Bàbá, iyẹ̀pẹ̀ ń já sórí ìrọ̀rí mi láràárọ̀.” Wọ́n gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Wọ́n ń fi ìka kan ògiri lọ díẹ̀díẹ̀: kó, kó, kó. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀gangan ibùsùn mi, ìró náà di bù, bí àgbọn tó ti rà. Wọn ò sì mu omi náà mọ́.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ha amọ̀ tó ti kú kúrò, wọ́n dí ojú tó sán, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n sì fi pátákó pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ títí ó fi jọ̀lọ̀ bí ikùn igbá. Lẹ́yìn náà wọ́n kúnlẹ̀ síbi gọ́tà, wọ́n ń dán ìsàlẹ̀ tí koríko máa bò.

“Bàbá, ta ló máa rí ibẹ̀ yẹn?”

“Omi. Kò síbi tí omi kì í dé.”

Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ bàbá mi fún wọn kí ọwọ́ wọn lè yá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Gbogbo èyí, torí ojú nìkan? Àwọn tó lèdè yẹn mà fẹ́ràn àlejò o!”

Bàbá mi kò túúbá. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ra ọ̀dà funfun, wọ́n sì kùn ún sórí amọ̀ iwájú bẹ́ẹ̀, láìrẹ́ ẹ. Ó dán. Ní Sátidé, bàbá ọkọ ìyàwó fẹ̀yìn tì í nínú agbádá aró. Nígbà tí wọ́n dìde, ẹ̀yìn agbádá ti di ẹfun. Wọ́n gbé ẹkisitíríọ̀ wa pọ̀n lọ sí Abigi.

Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọkọ kò tilẹ̀ wo iwájú. Ẹja gbígbẹ láti Èfìrẹ̀ ni wọ́n rù wá, ẹni tó ru ẹja kì í sì í gba pálọ̀ kọjá. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri mi lókè, ó rà á nísàlẹ̀.

“Ẹ̀yin ará ibí, ta ló ṣe èyí?”

Bàbá mi ti yọjú. “Mà, a kì í fi fíníṣìn ṣeré nílé yìí.”

Bàbá Birikilà, tí wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, wúkọ́.

Òjò ọdún yẹn wó ilé ìdáná aládùúgbò wa. Èmi sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sì sí iyẹ̀pẹ̀ lórí ìrọ̀rí mi.

Bàbá Birikilà ti kú tipẹ́. Títí di òní, bí mo bá wọ ilé onílé, mo máa ń fi ìka kan ògiri rẹ̀. Mo di òǹkọ̀wé; mo ti kọ nípa àwọn olówó tó fi òkúta mábù bo ìbàjẹ́, àwọn òǹkàwé mi sì rẹ́rìn-ín gan-an. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ́ ilé sí Àgọ́-Ìwòyè. Sìmẹ́ǹtì tó kù kò lè rẹ́ ju ògiri kan lọ. Birikilà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó níwà, bi mí pé, “Mà, apá ibo ni ká bẹ̀rẹ̀?” Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bọ̀ wá ṣí ilé. Mo mọ yàrá ẹ̀yìn tí ọmọ mi máa sùn sí.

Iwájú ni mo ní kó rẹ́.