Ìjókòó Wa Nídìí Ẹ̀gẹ́ ní Ọ̀kà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìdánwò àṣekágbá girama, mo sì ń retí èsì, nígbà tí wọ́n gbà mí sí ọ́fíìsì wẹ́fíà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé ní Ìkàrẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èrò mi ni pé n óò máa ṣàlàyé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Màdáàmù Fọlọ́runṣọ́, ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ to àga fún àwọn tó ń bọ̀.

Àwọn tó ń bọ̀ náà ni Ṣadíátù, ọmọbìnrin bí ọdún mẹ́sàn-án, ìyá àgbà tó bí ìyá rẹ̀, àti baba rẹ̀ tó ń gbin iṣu ní Ṣúpárè. Láti ìgbà tí ìyá Ṣadíátù ti kú ni ìyá àgbà ti ń tọ́ ọ ní Ọ̀kà, níbi tí wọ́n ti jọ ń ṣe gàrí. Olùkọ́ kan ló ti wá sọ ní ọ́fíìsì pé ọmọ náà kì í wá sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́, pé ìdí ẹ̀gẹ́ ló máa ń wà láàárọ̀. Baba gbọ́, ó ní òun yóò mú ọmọ òun lọ sí Ṣúpárè. Ìyá àgbà ní àfi bí òun bá kú.

Òfin sọ pé a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ọmọ kí a tó pinnu. Màdáàmù bi Ṣadíátù léèrè ibi tó wù ú láti gbé. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ohun tí ẹ bá ti sọ ni, mà."

Wọ́n bi í lọ́nà mìíràn, èsì kan náà ni. Baba ní ọmọ òun gbẹ̀kọ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa lọ. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: a bi í, ó dáhùn. Màdáàmù ní a kò tíì gbọ́ nǹkan kan, nítorí ọmọ tí a bá tọ́ dáadáa kì í sọ ìfẹ́ inú rẹ̀ níwájú àwọn àgbà tó jókòó bí adájọ́. Ó sún ìpàdé sí ọjọ́ kejì, ní Ọ̀kà, nídìí ẹ̀gẹ́ gan-an.

Nígbà tí a débẹ̀, ó tọrọ ọ̀bẹ fún gbogbo wa. Baba wo ọ̀bẹ, ó wo bùbá funfun rẹ̀, ó béèrè bóyá ìpàdé ìjọba ni tàbí ọ̀wẹ̀. Màdáàmù ní méjèèjì ni. A jókòó sórí àpótí kéékèèké yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, ojú kálukú sì wà níbi ọwọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ṣadíátù fi ń wo ọwọ́ mi.

"Àǹtí, ṣé èèpo lẹ̀ ń bó ni, àbí gàrí lẹ fẹ́ dà nù?"

Ìyá àgbà ní kó fi mí sílẹ̀, pé ìwé ni mo mọ̀. Baba rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà yíjú sí i, ó ní tirẹ̀ gan-an kò dára.

Látorí èèpo ni a ti dé orí ilé ẹ̀kọ́. Màdáàmù kò gbójú sókè nígbà tó béèrè bóyá ó ṣì wù ú. Ṣadíátù ní ó wu òun púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú Màmá ti ń ṣókùnkùn. Òun ló ń bá a bó ẹ̀gẹ́, òun ló sì ń fà á lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Baba kò mọ̀ pé ojú ìyá àgbà ti burú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

"Ṣé o ò fẹ́ bá mi lọ sí Ṣúpárè ni?"

"Mi ò fẹ́, Bàbá. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn yín. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ máa lọ, kí n sì máa sùn sọ́dọ̀ Màmá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mo bá wà ní kíláàsì, ta ni yóò mú un lọ kírun?"

Kò sí ẹni tó bá a wí. Baba bó ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó fọhùn.

"Èmi ni."

Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí nítòsí gbà láti máa ran ìyá àgbà lọ́wọ́ láàárọ̀. Màdáàmù ní òun yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Màdáàmù gba Ọ̀kà kọjá lọ sí Ìkun. Ọ̀kadà kan dúró níwájú wa. Baba Ṣadíátù sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó wọ ilé ìyá àgbà. Nígbà tó jáde, ìyá àgbà ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bá a jà pé ó pẹ́ jù. Baba ń bẹ̀ ẹ́, ó sì ń fẹsọ̀ rìn kí ẹsẹ̀ wọn lè dọ́gba. Ṣadíátù kò sí pẹ̀lú wọn. Ó wà ní kíláàsì.