Ibi Ìwòsàn Tí Àbúrò Mi Ní Kí N Bá Òun Wá

Èmi ni Dọ́káàsì Adéọlá Òṣígbẹ̀san, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, àkọ́bí bàbá mi tí ó jẹ́ aránṣọ ní Ìgbògbò, tí ó sì ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ ìsinmi. Ìyá mi wá láti Ẹ̀pẹ́, láti ìdílé àwọn tí ń yan ẹja lẹ́bàá ọ̀sà, nítorí náà ni òórùn ẹja yíyan ṣe jẹ́ òórùn ilé fún mi láti kékeré. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọjà Olúwo, tí èéfín igi àti ọ̀rá ẹja bá pàdé mi, ọkàn mi a balẹ̀ bí ti ọmọ tí ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú yàrá kejì. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá gbé ẹja yíyan wá fún mi, èmi a ní kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ti bi mí léèrè ìdí rẹ̀ rí, ẹ̀rín ni mo sì fi dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí.

Àbúrò mi ọkùnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wa, ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ẹ̀yìn mi ni ó gbé dàgbà. Mo tóbi tó láti jẹ́ ìyá rẹ̀, ó sì ń pè mí ní Sìsí títí irun orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Iṣẹ́ tí ó kọ́ ni kíkan ọkọ̀ ojú omi, ó sì mọ̀ ọ́n dé gbòǹgbò. Bí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó lára, ó lè sọ ibi tí omi yóò gbà wọlé lẹ́yìn ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ní etí ọ̀sà tiwa, ọkọ̀ tuntun kì í bọ́ sómi lásán. Ẹni tí ó ni ín a mú ọtí líle wá, wọn a ta díẹ̀ sílẹ̀ fún omi, ìyókù a sì di ti ẹni tí ó kan ọkọ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Bí ó bá kọ̀ ọ́, wọn a ní ó mọ àléébù tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà ni ó ṣe kọ̀. Ọkọ̀ tí àbúrò mi kàn pọ̀, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ dára. Nígbà tí iṣẹ́ wá dín kù, ọtí kò bá a dín kù. Ó fi etí ọ̀sà sílẹ̀, ó wá di ẹni tí wọ́n ń rí láàárọ̀ níwájú àwọn tí ń ta paraga ní gáréèjì Agric.

Ní ọdún 2008, nígbà òjò, ó wá bá mi nílé ní Ìgbògbò. Mo bu tíì fún un, ìdajì rẹ̀ dà sí i láṣọ kí ife tó kan ẹnu rẹ̀. Ó gbé ife náà kalẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n fẹ́ yẹ èékánná rẹ̀ wò.

“Sìsí, ẹ wò ó. Mi ò lè di ìṣó mú mọ́.”

“Ìwọ náà, jáwọ́ nínú rẹ̀.”

“Mo ti jáwọ́ títí. Òun ni kò jáwọ́ lára mi.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ibì kan á wà tí wọ́n ti ń wò ó, bí wọ́n ṣe ń wo ibà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé nínú wa. Ẹ bá mi wá a.”

Kò sí ẹnì kankan tí ó rán mi níṣẹ́ tí ó wọ̀ mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo wọ bàtà mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ní ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà nítòsí wa, nọ́ọ̀sì tí mo ti kọ́ ní kíláàsì rí kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ní, “Mà, aláboyún, ibà àti abẹ́rẹ́ ọmọdé la ń rí sí níbí. Ti ọtí yìí, ṣé ẹ ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?” Ẹni tí ń ta oògùn ní Agric fẹ́ ta oògùn oorun fún mi. Wọ́n júwe ibùdó àdúrà kan fún mi ní ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, mo sì lọ. Mo bá ọkùnrin kan lábẹ́ igi máńgòrò níbẹ̀, tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè mọ́ ìdí igi. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bi mí bóyá òjò ń rọ̀ ní Ìkòròdú. Alábòójútó ibùdó náà rí ojú tí mo fi ń wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà.

“Ìyá, kì í ṣe òun la dè o. Ẹ̀mí tó ń mutí la dè.”

“Ẹsẹ̀ ẹ̀mí náà ti wú,” ni mo wí, mo sì jáde.

Láti ibẹ̀ ni mo ti wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo. Kí n tó dé ìdí àtẹ rẹ̀ ni ó ti pariwo: “Ẹ wo Ìyá Tíṣà! Bàtà funfun nínú omi ẹja! Ṣé ẹja lẹ wá rà ni, àbí ẹ fẹ́ kọ́ wọn ní A-B-D?” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú fún ẹ̀rín. Mo tẹ̀ síwájú, mo sì sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó fi àtẹ rẹ̀ síkàáwọ́ ẹnì kejì rẹ̀, ó sì mú mi lọ bá dókítà kan tí ó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nínú ìlú.

Dókítà náà kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ pẹ́. “Àìsàn ni, Mà, wọ́n sì ń wò ó. Ṣùgbọ́n láti Ìkòròdú títí dé ìhín, mi ò mọ ibì kan tó ní bẹ́ẹ̀dì fún un. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, nínú ìgboro Èkó, ni ẹ máa gbé e lọ. Wọ́n ní wọ́ọ̀dù níbẹ̀ fún ọtí àti oògùn olóró.” Bí mo ti ń dìde, ó pè mí padà. “Kí ẹ tó gbé e débẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fúnra rẹ̀ dá ọtí náà dúró lójijì o. Ara tí ọtí ti mọ́ lára lè fi gìrì dáhùn, gìrì ọ̀hún sì lè pa á.”

Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún àbúrò mi, bí a ti sọ ọ́ fún mi. Ohun tí ó dì mú nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù. “Wọ́ọ̀dù odindi fún ọtí! Sìsí, èmi nìkan kọ́ nìyẹn.” Mi ò tí ì rí ìdùnnú bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. A fi ìlọ sí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọkùnrin ìdílé kan ní ìgboro Ìkòròdú sì ti sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ mọ àṣà wa. Kí wọ́n tó wá tọrọ ìyàwó, wọn a kọ́kọ́ rán àwọn aṣèwádìí wá sí àdúgbò láti bèèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: ṣé kò sí wèrè nínú ìran yẹn, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí olè? Nígbà tí olórí ẹbí wa, àbúrò bàbá mi, gbọ́ orúkọ ilé ìwòsàn tí mo fẹ́ gbé àbúrò mi lọ, ó pe gbogbo ilé jọ.

“Ilé wèrè? Nínú oṣù tí wọ́n ń bọ̀ wá wádìí wa?”

“Bàbá, dókítà ní àìsàn ni.”

“Dókítà kọ́ ló máa fẹ́ ọmọ náà.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́. Bí a bá ní ọ̀mùtí, a lè tọrọ àforíjì. Wèrè kò ní àforíjì. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé bàbá rẹ̀ sùn níbẹ̀ rí, ó parí, àti ọmọ náà, àti àwọn tó kù nínú ilé yìí.”

Mo dìde láti dá a lóhùn. Àbúrò mi, tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ni ó dá mi dúró. “Sìsí, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi wọlé ọkọ ná.” Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n ní baba rere ni. Wọ́n wá pinnu pé kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá wa, ní abúlé apẹja tí ó wà lódìkejì ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, kí àwọn aṣèwádìí má baà bá a pàdé ní Agric.

Èmi ni mo sìn ín dé etí omi lẹ́yìn Ọjà Olúwo. Ó fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí yóò gbé e, ó ní, “Ẹni tó kan eléyìí, ojú oorun ló wà.” Atukọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì na ìgò kékeré sí i. Àbúrò mi mi orí. Ó yíjú sí mi tìdùnnútìdùnnú: “Mo ti kọ̀ ọ́ láti àná, Sìsí. Ọwọ́ tí mo máa fi súre fún ọmọ mi kò gbọdọ̀ gbọ̀n.”

Ohùn dókítà náà ni mo gbọ́ nínú orí mi. Èmi, ọmọ aránṣọ tí ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò kan ọtí rí, ni mo dúró létí omi tí mo ń bẹ ọmọ ìyá mi pé kí ó mutí. “Gbà á! Mu díẹ̀! Má dá a dúró bẹ́ẹ̀!” Àwọn ẹlẹ́ja gbọ́ mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. “Sìsí, ẹ̀yin náà? Ayé mà ti dópin o!” Atukọ̀ ti ti ọkọ̀ kúrò létí omi.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gìrì mú un. Wọ́n ní ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, ó ń làágùn, ó sì ń bá ìyá wa tí ó ti kú tipẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó jókòó tì í, síbẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n fún un ní ọtí. Wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e kọjá wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó dákẹ́. Mùsùlùmí ni àwọn ẹbí ìyá wa, wọn kì í sì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ebè orí sàréè rẹ̀ nìkan ni mo bá. Ibà ni a sọ pé ó pa á. Àwọn aṣèwádìí kẹ́dùn pẹ̀lú wa, wọn kò rí àbàwọ́n kankan, a sì ṣe ìgbéyàwó náà nígbà tí ọ̀fọ̀ rọlẹ̀.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí wọn ni ìyá ọkọ wá jókòó tì mí lẹ́yìn ilé. Àlájà ni, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé irú ibà wo ni ó pa bàbá ìyàwó àwọn. Mi ò mọ ohun tí ó ṣe mí, mo sọ òtítọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé àkọ́bí òun, ẹ̀gbọ́n ọkọ, ti sùn ní wọ́ọ̀dù yẹn gan-an rí nítorí igbó mímu, pé ara rẹ̀ sì ti yá, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

“A ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. A ń bẹ̀rù kí ẹ̀yin má lọ wádìí wa.” Ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. “Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí mo ṣe mọ ọ̀nà ọjà, Mà. Ẹ̀ bá bi mí.”

“Àlájà, ẹ̀yin náà ì bá sọ.”

A jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbé ọmọ náà wá fún wa pé kí a súre fún un.

Mi ò bínú sí olórí ẹbí wa. Ohun tí ó mọ̀ ni ó dáàbò bò, òun náà sì ti lọ sọ́run. Ṣùgbọ́n mo máa ń ronú nípa ìdílé méjì tí wọ́n kọjú síra wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wá àbàwọ́n lára èkejì, tí ọ̀kan nínú wọn sì fi ohun tí ì bá gba ẹnìkan là pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Nísinsìnyí, bí ìyá kan bá wá sọ ti ọmọ rẹ̀ sí mi létí, mo máa ń dárúkọ ilé ìwòsàn náà sókè, kí àwọn tí ń kọjá lè gbọ́. Àwọn kan máa ń dì mí lẹ́nu. Mo ti dàgbà ju ẹni tí a ń dì lẹ́nu lọ.

Lọ́jọ́ tí mo sin àbúrò mi dé etí omi, bí ọkọ̀ náà ti ń gbé e jìnnà lọ, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi, kí n lè rí i pé kò gbọ̀n. Èéfín ẹja wà láàárín wa, mi ò lè rí i dáadáa. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn nìyẹn: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2008.