Ohun Tí Ìyá Aránṣọ Tún Ṣe Kó Tó Ta Ilé

Láti kékeré ni ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ kò ti gbé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, ẹnu rẹ̀ gan-an kì í sì í dilẹ̀. Orí àga onítáyà ló ti ń ránṣọ, orí rẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ méjì, orí rẹ̀ náà ló sì wà lọ́jọ́ tó pe àwọn ọmọ ọ̀hún jọ, tó ní òun fẹ́ ta ilé. Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, tó ní yàrá lẹ́yìn.

"Ibi tí iṣẹ́ wà ni mò ń lọ," ló wí. Ọ̀rọ̀ pin.

Kò pin tán ṣá o. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ tún ilé náà ṣe kó lè bá ìyàwó rẹ̀ mu. Síǹkì ilé ìdáná kò ga ju itan èèyàn lọ. Bọ́tìnnì iná ò kọjá ìbàdí. Dàgẹ̀rẹ́ oní-sìmẹ́ǹtì ló wà níwájú ilé, níbi tó yẹ kí àtẹ̀gùn wà. Ajẹ́ńtì tó wá wo ilé náà mi orí títí.

"Màmá, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sókè. Ẹ fọ́ dàgẹ̀rẹ́ yẹn dànù. Ẹ wá fi ọ̀dà tuntun kun ilé, kó máa dán."

Àkọ́bí Ìyá Aránṣọ, ọkùnrin, ní òótọ́ ni, kí wọ́n tiẹ̀ pààrọ̀ àjà ilé pẹ̀lú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fárígá. "Iṣẹ́ ọwọ́ Dádì nìyẹn! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan síǹkì yẹn." Ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá gbé e gbóná fún ara wọn, omijé sì ti ń gba ojú àbúrò.

Ìyá wọn jẹ́ kí wọ́n pariwo tẹ́rùn. Ó wá yí àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ké pe Òpó-Iná. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní oríta àdúgbò ni, ó ga débi pé kò sí ilé tó lè wọ̀ láìtẹrí ba.

"Ẹ pè mí, Màmá?"

"Mo pè ọ́. Wá bá mi fọ abọ́."

Ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé ojú ìyá le, ó wọ ilé ìdáná, ó tẹ̀ kọdọrọ sórí síǹkì, ó ń fọ̀ ọ́. Abọ́ ò tí ì tán nílẹ̀ tó fi nàró, tó gbá ẹ̀yìn mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tó ń sunkún.

"Ó tó. Tan iná yẹn." Òpó-Iná kàn sọ ọwọ́ sílẹ̀ ni, iná tàn. Kò ni í lára rárá. Ìyá ní kó lọ yí táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan wá, kó sì gba iwájú ilé wọlé. Táyà náà gba orí dàgẹ̀rẹ́ gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹ má fọ́ eléyìí o," Òpó-Iná sọ bó ṣe ń mí hẹlẹ. "Ẹni tó bá rà á á ní fíríìjì tó fẹ́ gbé wọlé."

"Ẹ ti gbọ́," ni ìyá wí. "Síǹkì á lọ sókè. Ìyókù á wà níbi tó wà."

"Màmi, iṣẹ́ Dádì ńkọ́?"

"Dádì yín ní kí n jókòó, ó fi tépù wọn ìgúnpá mi kó tó kan síǹkì yẹn. Èmi ló kàn án fún. Ṣé aṣọ tí mo bá wọ̀n sí ọ lára ni mo máa gbé fún aládùúgbò?"

Ní ti ọ̀dà, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Páìpù kan ti ń jò sínú ògiri ilé ìwẹ̀ látìgbà òjò, òun nìkan ló sì mọ̀. "Ẹ fẹ́ kí n fi ọ̀dà bò ó, kí ẹni tó rà á máa gbé mi ṣépè bó bá ń wẹ̀? Ẹ pe púlọ́ńbà." Ibi tí owó ọ̀dà wọlé sí nìyẹn.

Iṣẹ́ parí, ṣùgbọ́n olùrà ò yọjú bọ̀rọ̀. Ìyá Aránṣọ wá ń gbé nínú ilé tí ọwọ́ rẹ̀ ò ti tó síǹkì mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin yà sílé, ó bá a lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú bàsíà lórí àpótí, ó ń fọ abọ́, ó ń kọrin.

"Màmi, ṣé ẹ mọ̀ pé báyìí ló máa rí?"

"Ṣé mo fọ́jú ni? Bá mi da omi yìí nù."

Ọmọ náà da omi nù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀, ó ń fi omi ṣan abọ́. Ó ti ń pe obìnrin yìí ní Màmi látọjọ́ tó ti dáyé, àfi bíi pé ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Nọ́ọ̀sì kan àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n rà á níkẹyìn. Ìyá fúnra rẹ̀ ló fi àbàwọ́n omi hàn wọ́n lára àjà yàrá àlejò. Ó ní òrùlé ti dáa, àbàwọ́n ló kù. Ọkọ nọ́ọ̀sì torí ẹ̀ yọ díẹ̀ kúrò nínú owó. Àkọ́bí kùn pé ká ní wọ́n gbọ́ tòun ni, kò ní rí bẹ́ẹ̀.

"Ó lè jẹ́ òótọ́ lo sọ," ni ìyá wí. Kò bá a jiyàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ẹrù dé ṣọ́ọ̀bù tuntun, ẹ̀rọ ìránṣọ ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọmọ ṣì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà lọ́wọ́ nígbà tí oníbàárà kan yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Aránṣọ ti mú tépù kọ́rùn.

"Ẹ wọlé, ẹ dúró dáadáa," ló wí. "Ẹ na apá."