Nígbà Tí Oòrùn Ba Ẹ̀rọ Múínátù Jẹ́

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí nílé wa ní Kétu, láyé ìgbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀.

Múínátù, ọmọ ọmọ mi, ń kàwé ní yunifásítì nígbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ò yé mi, àfìgbà tó fi tòmátì ṣàlàyé. Ó ní ìtànṣán oòrùn kan wà tójú èèyàn ò lè rí, ultraviolet ni wọ́n ń pè é. Àwọn gáàsì tó wà lókè réré máa ń bù ú jẹ, kálukú pẹ̀lú àpá eyín tiẹ̀. Sátẹ́láìtì kan wà lójú ọ̀run tó ń wo àpá yẹn, òun ló fi ń mọ gáàsì tó jẹ ẹ́ àti bó ṣe pọ̀ tó. Àbí tí mo bá rí tòmátì tí wọ́n bù jẹ ní Mile 12, ṣé mi ò ní mọ̀ bóyá eku ni tàbí ẹyẹ? Ó yé mi wàyí!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló ti cybercafé dé, ó ṣubú lé ẹní, ó bú sẹ́kún. Wọ́n ti kọ̀wé sí i pé gíláàsì ojú sátẹ́láìtì náà ti dúdú, kò ríran mọ́. Ìtànṣán oòrùn tó ń wò náà ló bà á jẹ́! Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń rí lókè ni Múínátù fẹ́ fi parí ìwé ìwádìí tó ń kọ ní yunifásítì.

Mo bi í bóyá ẹnì kan ò lè gòkè lọ nù ún ni. Ṣebí eérú àti àkísà ni mo fi ń nu gíláàsì àtùpà mi?

"Màmá, kò sẹ́ni tó lè débẹ̀." Ẹkún tún gbà á.

Kí ni kí n ṣe? Mo se ẹ̀wà, kò jẹ. Mo ṣàdúà, ẹkún ò dá. Ni mo bá lọ sọ fún Ìyá Kàfáyà, ará ilé wa tó ń ta ata.

Nílé wa, bí ọ̀gá bá lé ọmọ ẹni níbi iṣẹ́, àwa àgbà la máa ń lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kí n tó mọ̀, Ìyá Kàfáyà ti wé gèlè, àwọn obìnrin ilé ti tò sẹ́nu ọ̀nà.

"Múínátù, dìde jàre! Níbo ni ọ́fíìsì wọn wà? Ṣé Ìkẹjà ni?"

"Òkè òkun ni, mà."

"Ẹni tó ba nǹkan náà jẹ́ gan-an ńkọ́? Òun la máa bẹ̀."

"Oòrùn ni, mà."

Ìyá Kàfáyà gbójú sókè. Oòrùn ń ràn lọ ní tiẹ̀, bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan. Ó ní, "Háà! Èyí ò ṣeé bẹ̀ o."

Ó tú gèlè, ó jókòó ti ọmọ náà lórí ẹní. Àwọn yòókù náà jókòó. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó máa dáa. Ibẹ̀ la wà títí wọ́n fi pe ìrun Màgáríbà.

Múínátù ò parí ìwé yẹn. Iṣẹ́ mìíràn ló padà mú.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹkún ló ní ẹni tí a lè lọ bẹ̀. Bí ọwọ́ ò bá tó o, ẹ ṣáà jókòó ti ẹni tó ń sunkún. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ti ṣẹlẹ̀ sọ́mọ yín rí, tẹ́ ẹ wo ọ̀tún, tẹ́ ẹ wo òsì, tẹ́ ẹ ò rẹ́ni bẹ̀? Ẹ sọ ọ́ síbí, ká gbọ́.