Ẹ Bọ́ Bàtà, Màmá Ń Sùn

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Bàbá Sáfà olóògbé lónìí nílé iṣẹ́ akẹ́rù Màdáàmù Ṣèyílọ́lá ní Igbó Ẹfọ̀n, kì í ṣe ojú bàbá náà làwọn èèyàn kọ́kọ́ ń rántí. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọkùnrin kan ni.

Lọ́jọ́ náà, àlejò mẹ́ta wá láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan, wọ́n wọ kóòtù, bàtà wọn ń dán bíi dígí. Wọ́n fẹ́ wò ó bóyá kí àwọn gbé iṣẹ́ kọ̀ǹténà àwọn fún Màdáàmù. Màdáàmù ti mú wọn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń nàka sí orúkọ ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan, ni iná bá lọ. Iná padà dé. Kọ̀ǹpútà tàn. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹrù kankan kò jáde, nítorí dátábéèsì, ìyẹn ìwé ńlá inú ẹ̀rọ tí wọ́n kọ gbogbo kọ̀ǹténà sí, kò jí.

Èyí kò ya òṣìṣẹ́ kankan lẹ́nu. Sáfà, ẹ̀rọ àgbà tí dátábéèsì ń gbé inú rẹ̀, máa ń tan ara rẹ̀ bí iná bá ti dé. Dátábéèsì ni kì í dìde, àfi kí Bàbá Sáfà lọ jí i.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ," ni ọ̀gá àwọn àlejò wí. "Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i."

Bàbá Sáfà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá sáfà, ẹsẹ̀ lásán, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dá màlúù dúró. "Ẹ bọ́ bàtà, sà. Màmá ń sùn."

"Màmá wo?"

"Dátábéèsì, sà."

Ọ̀gá wo Màdáàmù. Màdáàmù wo àjà. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà, ó bọ́ tọ̀tún, ó bọ́ tòsì, ó sì rọra wọlé. Ihò wà nídìí ìbọ̀sẹ̀ òsì. Àtàǹpàkò ti yọrí síta látibẹ̀, ó ń wo gbogbo ilé. Bàbá Sáfà tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀, Màmá jí, orúkọ ẹrù tò wálẹ̀. Nígbà náà ló tó yíjú sí àlejò rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí. Ó tún wolẹ̀. "Ìwọ náà, káàbọ̀."

Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Màdáàmù. Ọ̀gá ní ẹni tó lè bọ́ òun ní bàtà lójú gbogbo ayé, ó dájú pé kò ní lè purọ́ fún òun.

Akínọ̀ṣọ́ ni orúkọ bàbá náà gan-an. Bíríkìlà ni nígbà tó wá láti Ìkìrun, lásìkò tí wọ́n ń kọ́ ilé lọ́tùn-ún lósì títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Ògiri yàrá sáfà yẹn gan-an ló ń rẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn tó gbé ẹ̀rọ wá ń bá ara wọn jà lórí wáyà tó yẹ kó wọ ibì kan. Akínọ̀ṣọ́ sọ̀kalẹ̀ látorí àkàbà, ó ki wáyà bọ ibi tó yẹ, ó padà gun àkàbà rẹ̀. Màdáàmù gba tírówẹ́lì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì dá a padà.

Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ní Ajah. Bó bá ti wọ sùtánà, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn láti ilé dé ilé àdúrà. Nítorí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àwọn èèyàn ní bàtà lẹ́nu ọ̀nà sáfà, gbogbo ilé iṣẹ́ gbà pé ọ̀rọ̀ ìjọ ni. Ta ló fẹ́ bá wòlíì jiyàn?

Rẹ̀míláyọ̀ nìkan ni ara rẹ̀ kò gbà á. Ìdí tábìlì ìgbàlejò ni Rẹ̀míláyọ̀ wà tẹ́lẹ̀ kí bàbá tó fà á wọ yàrá sáfà, pé ọmọ tó bá lè yọ gbogbo àlejò lẹ́nu báyìí á lè yọ ẹ̀rọ lẹ́nu.

"Bàbá, kí ló dé tí Màmá ò lè máa jí fúnra rẹ̀? Àwọn dátábéèsì ibòmíràn ń jí."

"Ìwọ ńkọ́, ta ló ń jí ẹ?"

"Fóònù mi ni."

"Fóònù ń jí ẹ, aago mẹ́sàn-án lo sì ń dé."

Rẹ̀mí gbọ́dọ̀ gbẹ̀san. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ, tó fi jẹ́ pé bí bàbá bá ti jí dátábéèsì, sípíkà á sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti Àyúbà, olórí àwọn awakọ̀ trélà, fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Sáfà tẹ ohun tó ń tẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni sípíkà wí. "Mo ti jí."

Bàbá kò ta pútú. "Káàárọ̀, Màmá. Ṣé dáadáa lo sùn?" Ó dúró díẹ̀ bí ẹni ń retí èsì. Lẹ́yìn náà, láì bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Rẹ̀mí, ikọ́ wà lọ́fun ẹ. Lọ fi omi gbígbóná po oyin."

Lọ́jọ́ kẹta, Rẹ̀mí wọlé, ó tan kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ohùn bàbá jáde látinú rẹ̀, ó rinlẹ̀ bíi ti olùdarí ìsìn: "Aago mẹ́sàn-án ti kọjá." Bẹ́ẹ̀ náà ló ń wí láràárọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, Àyúbà sì ń yà wọlé lójoojúmọ́ kó má baà pàdánù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàtà bíbọ́ sú Màdáàmù. Ó lọ mú ẹnjiníà kan wá láti Erékùṣù, Dúró lórúkọ rẹ̀, ẹni tí kì í bọ́ awò dúdú lójú kódà nínú ilé. Dúró ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó lo ọjọ́ méjì. Ó wo pásíwọ́ọ̀dù, ó wo wáyà, ó wò ó bóyá àyè ṣì kù nínú sáfà. Ó pa á, ó tún un tàn, ó tún pa á. Sáfà ń dìde, dátábéèsì ń sùn. Bàbá Sáfà jókòó sórí àpótí létí ògiri, ó ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà.

"Bàbá, kí lẹ ṣe sí ẹ̀rọ yìí?"

"Mo kàn máa ń kí i ni."

Dúró fi ìbínú kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Marúwá, ó di Lẹ́kkí. Ibẹ̀ ló ti wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá sáfà dòní, ojú kò jẹ́ kó padà wá gbé e.

Oṣù kẹfà ni Bàbá Sáfà kú, lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ó jókòó sórí àga nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ní kí òun fẹ̀yìn tì díẹ̀, kò sì dìde mọ́. "Ta ló wá fẹ́ jí ẹni tó ń jí Màmá?" ni Àyúbà wí níbi ìsìnkú, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Wọ́n ṣe méjèèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìsìnkú, Màdáàmù pe Rẹ̀mí sí ọ́fíìsì.

"Èèyàn kan kú, iṣẹ́ mi fẹ́ bá a lọ. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí dátábéèsì yẹn máa jí fúnra rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa bẹ Dúró kó padà wá, ìwọ náà á padà sídìí tábìlì ìgbàlejò."

Rẹ̀mí fẹ́ràn àlejò, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí Dúró máa wọ awò dúdú nínú yàrá tí bàbá kọ́ ọ níṣẹ́. Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́rú, ó ń fọwọ́ jí Màmá bí bàbá ti kọ́ ọ, gbogbo ibi tí Dúró wò lòun náà sì wò, kò sì rí nǹkan kan. Lọ́jọ́bọ̀, ó sú u, ó wá jókòó ka gbogbo ohun tí sáfà ń kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ń tàn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìgbà náà ló rí i pé sáfà kò ṣe àìsàn kankan. Lójoojúmọ́ ló ń dé ẹnu ọ̀nà dátábéèsì, tó sì ń yà kúrò níbẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kìlọ̀ fún pé kó má kan ilẹ̀kùn.

Ta ló kìlọ̀ fún un?

Ó tọ ipasẹ̀ náà títí ó fi dé inú fáìlì kékeré kan. Orúkọ dátábéèsì wà níbẹ̀, ibi tó ń gbé wà níbẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo sì wà ní ìparí: Y bí wọ́n bá fẹ́ kó máa jí fúnra rẹ̀, N bí wọn ò bá fẹ́. N ni. Lókè rẹ̀, bàbá ti kọ ọ̀rọ̀ kan, ó fi àmì síwájú rẹ̀ kí ẹ̀rọ má kà á, kí èèyàn nìkan kà á.

"Rẹ̀mí, mo mọ̀ pé ìwọ lo máa débí. Dúró kì í kàwé dópin. Èmi ni mo fi N síbẹ̀. Iná wa kì í dé lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń yọjú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó jókòó. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá yọjú ni Màmá ń fò dìde, ó ń ṣubú, títí ìwé inú ẹ̀ fi bàjẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin la fi tò ó padà. Bí mo bá ní kí Màdáàmù ní sùúrù ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn ò ní gbà. Bí mo bá ní kí wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n á bọ́ ọ. Bàtà wọn olókùn yẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún géérégé ni wọ́n fi ń tú u."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú Rẹ̀mí. Nígbà tó máa fi rẹ́rìn-ín tán, omijé ti dé ojú rẹ̀. Ó pa N rẹ́, ó fi Y síbẹ̀. Ó wá kọ ìlà bíi mélòó kan fún sáfà: bí iná bá dé, kó ka ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó kan ilẹ̀kùn Màmá, bí iná bá tún lọ, kó bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀ lákọ̀tun. Ó fi nǹkan kékeré kan sí i, tí kò sọ fún ẹnì kankan.

Ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, trélà Àyúbà mẹ́fà tò sí géètì, wọ́n ń retí ìwé tí wọ́n máa gbé dé èbúté Lẹ́kkí. Iná lọ. Ó dé, ó lọ. Ó dé, ó lọ. Ó dé, ó jókòó. Màdáàmù ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá sáfà.

"Rẹ̀míláyọ̀, kò tíì jí."

"Ẹ bọ́ bàtà, mà."

"Kí lo wí?"

"Màmá ń sùn, mà."

Màdáàmù wò ó. Ó wo àjà. Lẹ́yìn náà, ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀, okùn kan, òmíràn, òmíràn. Bí tòsì ti bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, orúkọ ẹrù tò wálẹ̀ lójú gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, ohùn kan tó rinlẹ̀ sì jáde látinú sípíkà yàrá sáfà.

"Aago mẹ́sàn-án ti kọjá."

Màdáàmù dúró lórí táìsì tútù náà, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì yára wọ̀ ọ́. Àyúbà, tó wá gba ìwé rẹ̀, bọ́ sálúbàtà tirẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Dúró, kó tó yọjú wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ló wí.